Orí Kẹrin: Èkìtì Parapọ̀, Wọn Kò Paradà

Bí ẹ bá bi ẹni tó mọ Nàìjíríà dáadáa pé ìpínlẹ̀ wo ni àwọn ará ibẹ̀ jọra jù, ó ṣeé ṣe kó ní Èkìtì ni. Yorùbá ni wọ́n tòkè tilẹ̀, àárín òkè ni wọ́n ń gbé, iyán sì ni oúnjẹ wọn. Kí ló wá gbé wa dé Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó nígbà tí a fẹ́ kọ́ nípa bí àwùjọ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìyàtọ̀ láàárín èèyàn sí ohun iyì? Ohun tó gbé wa débẹ̀ ni pé ohun tí àlejò rí bí ẹyọ kan, onílé rí i bí mẹ́wàá. Ará Ìbàdàn tó bá wọ ọjà Ọ̀yẹ́ yóò ní Èkìtì ni gbogbo wọn ń sọ. Ọmọ Ọ̀yẹ́ tó dúró tì í yóò gbọ́ gbólóhùn kan péré lẹ́nu ìyá aláta, yóò sì ti mọ̀ pé ìhà Ọ̀tùn ni ìyá náà ti wá, pé Mọ̀bà ló ń sọ. Bí a bá sì kọjá Ìkọ̀lé lọ sí ibi tí ilẹ̀ Èkìtì ti bá Kwara àti Kogi pààlà, àwọn ará Yàgbà ni wọ́n jọ ń ná ọjà níbẹ̀.

Ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún ló wà ní ẹkùn àríwá Èkìtì: Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìdó-Òsì, Mọ̀bà àti Iléjeméje. Ohun kan ṣoṣo ni orí yìí fẹ́ fi hàn nípa wọn. Àwọn èèyàn agbègbè yìí kọ́kọ́ gba ìyàtọ̀ mọ́ra nítorí pé ó di dandan fún wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣàdéhùn lé e lórí. Yíyìn tí ìwé òfin ń yìn ín ló dé gbẹ̀yìn, kò sì sí ìgbà kankan tí ìgbàlejò náà kò ní ààlà.

Òwe méjì

Yorùbá ní "onírúurú", a ní "oríṣìíríṣìí", a ní "ọ̀kan-ò-jọ̀kan". Bí nǹkan ṣe rí ni àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ń sọ, wọn kò sọ bóyá ó dára tàbí kò dára. Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí àwọn baba wa rò, inú òwe ni kí a wò. Wọ́n ní ìka kò dọ́gba. Àwọn olùkọ́ míì a máa fi òwe yìí kọ́ ọmọ pé kó fẹ́ràn ẹni tó yàtọ̀ sí i, ṣùgbọ́n n kò rò pé ibi tí òwe náà ń lọ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ipò ló ń sọ: ẹnìkan ga, ẹnìkan kúrú, kí ẹni tó kúrú má bínú. Wọ́n tún ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Èyí yàtọ̀ pátápátá. Ọjà tó jẹ́ pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ̀ ọ́, ọjọ́ tí igi bá wó dí ọ̀nà yẹn ni ọjà tú. Ìyàtọ̀ tí òwe kejì yìí ń sọ, èrè wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ṣe ń ka ìtàn tó wà níwájú, ẹ máa wò ó bóyá ti ìka ló wà lọ́kàn àwọn tí à ń sọ ọ̀rọ̀ wọn, tàbí ti ọ̀nà ọjà.

Àlejò Ìrè

Ìrè-Èkìtì wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yẹ́. Kò sí ibi tí Yorùbá dé tí wọn kò mọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti Ògún. Títí dé Brazil, níbi tí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú gbé òrìṣà wọn dé, wọ́n ṣì ń pe Ògún ní Onírè. Síbẹ̀, àwọn tó ń ki Ògún kò fi bò pé kì í ṣe ọmọ Ìrè. Ó ń ti ogun bọ̀ ni, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó yà síbẹ̀ kí ó lè rí ẹmu mu. Bí wọ́n ṣe ń pa ìtàn náà, ó bá àwọn ará ìlú níbi àpéjọ kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ti fọhùn. Ó kí wọn, wọn kò dáhùn. Ó gbé agbè ẹmu, agbè ṣófo. Ó rò pé wọ́n fojú di òun ni, ló bá yọ idà. Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀ tó mọ̀ pé àṣà ìlú ni wọ́n ń tẹ̀ lé, àbámọ̀ gbé e wọ ilẹ̀ lọ.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu ni, ẹ má ṣe kọ ọdún kankan sí i. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ìlú fi í ṣe. Ẹni tí kò mọ àṣà wọn, tó tún pa wọ́n nítorí pé kò mọ̀ ọ́n, òun gan-an ni wọ́n ń ṣọdún fún lọ́dọọdún nínú oṣù Kẹjọ. Wọn kò fi ẹ̀jẹ̀ tó ta sílẹ̀ pa mọ́ nínú ìtàn, wọn kò sì sọ àlejò náà di ọmọ bíbí ìlú kí ìtàn lè dùn. Ọ̀pọ̀ ìlú ni ìbá ti tún ìtàn yìí kọ kó lè bá wọn lára mu.

Ayédé, ìlú tí ogun kó jọ

Láti Ìrè, kò jìnnà kí ẹ tó dé Ayédé-Èkìtì. Ìlú yìí ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí jù, nítorí pé ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó kò ṣe é fi ṣe àlọ́.

Láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Tápà ń ti àríwá wá kó àwọn ará ìhà ibí yìí lẹ́rú, Ìbàdàn náà sì ń ti ìwọ̀-oòrùn bọ̀. Ìlú kékeré kò lágbára láti dá dúró. Ní nǹkan bí ọdún 1845, lẹ́yìn tí ogun Tápà ti fọ́n ìlú Ìyè ká, jagunjagun kan tó ń jẹ́ Èṣùbíyìí kó àwọn tó ṣẹ́ kù jọ sí ibi tí a mọ̀ sí Ayédé lónìí. Àwọn tó sá wá bá a kì í ṣe ọmọ baba kan. Àwọn ará Ìyè wà níbẹ̀, àwọn tó ti ilẹ̀ Yàgbà wá wà níbẹ̀, àwọn ará ìletò tí ogun ti sọ di ahoro náà wà níbẹ̀. Ẹnu wọn kò rí bákan náà, òrìṣà wọn kò sì jẹ́ ọ̀kan.

Kí ni kí olórí irú ìlú báyìí ṣe? Èṣùbíyìí kò bá wọn du òrìṣà wọn. Ó gbé Yemọja, tó bá wá láti Ìbàdàn, ka orí ìtẹ́ gẹ́gẹ́ bí òrìṣà ọba, ó sì gba oyè Àtá, orúkọ oyè tí a mọ̀ mọ́ ọba Ígálà ní Ìdàh, dípò oyè tí wọ́n ń jẹ ní Ìyè. Ẹ kíyè sí i pé ohun tó fi di ọba kò sí èyí tó jẹ́ ti ìlú kan ṣoṣo nínú àwọn ìlú tó kó jọ. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan sì di tirẹ̀ mú. Àwọn tó ti Yàgbà wá ń bọ Òrìṣà Ìyàgbà, àwọn mìíràn ń bọ Òrìṣà Ojùná, olúkúlùkù ní ọjọ́ ọdún tirẹ̀, àwòrò tirẹ̀ àti orin tirẹ̀.

Andrew Apter, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, gbé ní Ayédé ní àwọn ọdún 1980, ó sì kọ̀wé lórí ohun tó rí. Nígbà ọdún Yemọja, ìyá olórìṣà máa ń ru igbá láti ojúbọ inú igbó wọ ìlú, tìlù tìfọn, títí yóò fi dé iwájú ọba. Ohun tó wà nínú igbá, ojú ọ̀gbẹ̀rì kì í rí i. Gbogbo ìlú ló ń wo ọrùn ìyá náà bó ṣe ń rìn, nítorí pé igbá yẹn kò gbọdọ̀ jábọ́. Bó bá gúnlẹ̀ láyọ̀, ọdún ọba dára. Ṣùgbọ́n bí ọdún Yemọja bá kọjá, àwọn àdúgbò yòókù náà yóò ṣe tiwọn, wọn yóò sì fi oríkì àti orin rán ara wọn létí pé àwọn náà ti jọba rí níbi tí wọ́n ti wá. Wọn kì í sọ ọ́ síta gbangba. Ọba mọ̀ pé wọ́n ń sọ ọ́, àwọn náà mọ̀ pé ọba mọ̀.

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ju kí a kàn wí pé wọ́n fàyè gba ara wọn lọ. Ìyàtọ̀ àwọn òrìṣà yẹn jẹ́ ìjánu lọ́wọ́ ìlú. Ọba tó bá ṣe àṣejù ń gbé láàárín àwọn tó ní ìtàn mìíràn lọ́wọ́, ìtàn tí wọ́n lè fà yọ nígbàkígbà. Èyí gan-an ni ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Kírìjì àti adé mẹ́rìndínlógún

Ìtàn Kírìjì ti wà nínú ìwé yín ti ọdún tó kọjá, nítorí náà n kò ní tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ rántí pé ní 1878 ni Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, pé Ògèdèǹgbé ti Iléṣà di olórí ogun, pé ogun náà ń jà títí di 1886. Ohun tó kàn wá níhìn-ín ni orúkọ tí wọ́n sọ ara wọn: Èkìtì Parapọ̀.

Ṣáájú ìgbà yẹn, ará Ìdó kì í pe ara rẹ̀ ní Èkìtì bí wọ́n bá bi í pé ta ni. Ará Ìdó ni. Ìlú òkèèrè ni orúkọ àpapọ̀ yìí ti kọ́kọ́ lágbára. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n tà lẹ́rú, tí ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ sí Sàró, nígbà tí wọ́n padà dé Èkó, wọ́n rí i pé ará Ìkọ̀lé àti ará Iléṣà gbọ́ ara wọn yé ju bí wọ́n ṣe gbọ́ ará Èkó lọ. Wọ́n dá ẹgbẹ́ Èkìtì Parapọ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ogun le, àwọn ni wọ́n ń fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sílé, ìbọn yẹn sì ni kò jẹ́ kí Ìbàdàn rí wọn gbé ṣe.

Ẹ wá wo àdéhùn àlàáfíà tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1886. Àwọn ìlú tó ja ogun ọdún mẹ́jọ pọ̀, tó sì ṣe é láṣeyọrí, ìbá ti yan ọba kan lé gbogbo ara wọn lórí. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀wá Iléṣà, Ọọ̀rẹ̀ Ọ̀tùn, Ajerò Ìjerò àti Olójùdó Ìdó ni wọ́n dárúkọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, òmìnira tí wọ́n sì gbà kò sọ ìkankan di ẹrú ìkejì. Wọ́n parapọ̀, wọn kò paradà. Ní 1900, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pe àwọn ọba Èkìtì jọ sí ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní Pèlúpèlú, adé mẹ́rìndínlógún ni wọ́n kà. Ẹlẹ́kọ̀lé Ìkọ̀lé, Ọlọ́yẹ́ Ọ̀yẹ́, Olójùdó Ìdó àti Onítàjí Ìtàjí wà lára wọn. Àtá Ayédé náà jókòó síbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlú rẹ̀ kò tíì pé ọgọ́ta ọdún. Ní Ìdó lónìí, ilé ẹ̀kọ́ girama kan wà tó ń jẹ́ Ekiti Parapo College. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó wọ aṣọ rẹ̀ lọ sí kíláàsì kò mọ̀ pé orúkọ ẹgbẹ́ ogun ni wọ́n wọ̀.

N kò fẹ́ kí ẹ rò pé gbogbo rẹ̀ dùn bí oyin. Bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe kọ adé mẹ́rìndínlógún sínú ìwé, ìlú tí kò sí nínú mẹ́rìndínlógún bọ́ sábẹ́ ẹlòmíràn. Ẹjọ́ lórí ta ni adé tirẹ̀ jẹ́ ojúlówó, ta ni baálẹ̀ lásán, ń bá Èkìtì jà títí tí ó fi di ìpínlẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹwàá ọdún 1996, àwọn ẹjọ́ míì kò sì tíì parí.

Ní òkèèrè

Àwọn ará Yúróòpù kò ṣáájú wa nínú ẹ̀kọ́ yìí bí àwọn kan ṣe rò. Ní 1492, ọba àti ayaba Sípéènì lé àwọn Júù tí kò gbà láti di Kristẹni kúrò nílẹ̀ wọn. Ní 1685, ọba Faransé fagi lé òfin 1598 tó dáàbò bo àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì. Àwọn ahunṣọ àti oníṣẹ́ ọwọ́ gbé iṣẹ́ wọn sá lọ sí Gẹ̀ẹ́sì, Holland àti Jámánì, àwọn ìlú tó gbà wọ́n sì là. Ìgbà tí èrè ti hàn tán ni ìyìn wá dé: ní 1859, onímọ̀ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, John Stuart Mill, kọ ọ́ pé onírúurú ọ̀nà ìgbé-ayé ló ń mú àwùjọ tẹ̀ síwájú. Ní Amẹ́ríkà, ẹjọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Bakke, ní 1978, ló sọ ọ̀rọ̀ onírúurú yìí di ohun tí yunifásítì lè gbé yẹ̀ wò bó bá ń gba akẹ́kọ̀ọ́. Ilé ẹjọ́ wọn tó ga jù lọ, tó dá ẹjọ́ yẹn, náà ló tún ti ilẹ̀kùn yẹn ní 2023. Àjọ UNESCO kéde ní 2001 pé onírúurú àṣà jẹ́ ogún gbogbo ẹ̀dá. Láti Èṣùbíyìí sí ìkéde yẹn, ó lé ní àádọ́jọ ọdún.

Ilẹ̀ àti igi

Nísinsìnyí, ààlà tí mo mẹ́nu bà níbẹ̀rẹ̀. Láti ayé àwọn òyìnbó ni àwọn Ẹ̀bìrà ti ń wá sí oko Èkìtì, tí wọ́n ń dá oko iṣu, tí wọ́n ń bá olóko kòkó ṣiṣẹ́. Àwọn Tìfì àti àwọn ará Benue mìíràn tẹ̀ lé wọn. Ẹni tó bá jẹ iyán ní Ìkọ̀lé lónìí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọwọ́ Ẹ̀bìrà tàbí Tìfì ló kọ ebè iṣu náà.

Àdéhùn tó wà láàárín onílẹ̀ àti àlejò ní ilẹ̀ Yorùbá rọrùn láti sọ. Àlejò yóò san ìṣákọ́lẹ̀. Ó lè gbin iṣu, ó lè gbin ẹ̀gẹ́, ó lè gbin àgbàdo. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbin kòkó tàbí obì láìgba àṣẹ. Kí ló fà á? Iṣu kì í ju ọdún kan lọ nínú ilẹ̀. Kòkó yóò wà níbẹ̀ fún ọmọ àti ọmọ ọmọ, ẹni tó ni igi yóò sì sọ lọ́jọ́ kan pé òun ló ni ilẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ àlejò àti onílé nílẹ̀ wa wà nínú òfin kékeré yìí: wá, jẹun, bímọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n má ṣe ta gbòǹgbò.

Àwọn ọdún àìpẹ́ yìí ti mú kí ọwọ́ tó na síta fún àlejò máa ká kò. Nínú oṣù Karùn-ún ọdún 2016, àwọn kan tí wọ́n fura sí pé darandaran ni wọ́n ya wọ Òkè-Àkò ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé, wọ́n sì pa èèyàn. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, gómìnà fọwọ́ sí òfin tó dá fífi màlúù jẹko káàkiri dúró ní Èkìtì. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, wọ́n pa Ẹlẹ́sun ti Èsun àti Onímòjò ti Ìmòjò, ọba méjì, lójú ọ̀nà kan náà lọ́jọ́ kan náà. Ẹ̀rù irú èyí kì í mọ olè yàtọ̀ sí darandaran, kì í mọ darandaran yàtọ̀ sí àgbẹ̀ tó kàn ń sọ èdè tí a kò gbọ́. Bí ẹ̀rù bá ti wọlé, òwe ọ̀nà ọjà ni a kọ́kọ́ ń gbàgbé.

Ìwé òfin àti odó iyán

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ìjọba àpapọ̀ dá ètò àgùnbánirọ̀ sílẹ̀ ní 1973. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1975, Ọ̀gágun Murtala Mohammed sọ fún ìgbìmọ̀ tó ń kọ ìwé òfin pé kí ìjọba fi hàn nínú gbogbo ohun tó ń ṣe pé onírúurú ẹ̀yà ló ni Nàìjíríà. Ọ̀rọ̀ náà wọ ìwé òfin 1979. Ẹ ka ìlà náà dáadáa bí ẹ bá rí i: kí ẹ̀yà kan má bàa gba gbogbo ipò ni wọ́n torí rẹ̀ kọ ọ́. Ti ìka tí kò dọ́gba ni, kì í ṣe ti ọ̀nà ọjà. N kò kẹ́gàn rẹ̀. Orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jà tán kọ́kọ́ nílò ìpín tó tọ́.

Ní 2011, òfin yẹn wọ àríwá Èkìtì lẹ́sẹ̀ méjèèjì. Wọ́n dá Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́, wọ́n sì gbé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ti ẹ̀rọ lọ sí Ìkọ̀lé. Ìlànà ìgbaniwọlé yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ya ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún sọ́tọ̀ fún ẹni tó ṣe dáadáa jù, ìdá 35 fún agbègbè tó yí ilé ẹ̀kọ́ ká, ìdá 20 fún ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ ti fà sẹ́yìn. Bí ọmọ Benue, ọmọ Ìmò àti ọmọ Kogi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gba yàrá ní Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé nìyẹn.

Ẹ fojú inú wo ọ̀kan nínú àwọn ilé bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin Tìfì kan ń gbé yàrá ẹ̀yìn. Ó ti kọ́ bí a ṣe ń dọ̀bálẹ̀, ó ń pe ìyá onílé ní Màmá. Ọjọ́ kan, ìyá bá a nídìí odó, ó fẹ́ gúnyán fún ara rẹ̀. Ìyá rẹ́rìn-ín.

"Ta ló kọ́ ọ níyẹn, ọmọ mi?"

"Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, oúnjẹ ilé wa náà ni."

Ìyá dúró wò ó. Ọmọ odó ń lọ sókè sódò, kò yára jù, kò fà sẹ́yìn, iyán sì ń fà láìní kókó. Òótọ́ ni ọmọ náà sọ: àwọn Tìfì ń jẹ iyán bí Èkìtì ṣe ń jẹ ẹ́. Láti kékeré ni ìyá yìí ti ń gbọ́ pé kò sẹ́ni tó mọ iyán gún tó Èkìtì. Kò sọ ọ́ lójú ọmọ náà pé ìgbéraga yẹn ti ṣí díẹ̀, ṣùgbọ́n ó bu ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ fún un.

Ní ilé kan náà, ọmọ ọmọ ìyá yìí kò lè sọ Èkìtì mọ́. Ìyá ní "ulé", ọmọ ní "ilé". Ìyá ní "usu", ọmọ ní "iṣu", nítorí pé bí ìwé Yorùbá ṣe kọ ọ́ nìyẹn, bí tíṣà sì ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Èmi tí mò ń kọ ìwé yìí náà jẹ̀bi: ẹ kò rí ọ̀rọ̀ Èkìtì tó ju méjì lọ nínú orí yìí.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó dé, ẹ lọ bá àgbà kan ní àdúgbò yín, ẹ kí i bó ṣe yẹ, ẹ béèrè ìlú tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ti wá kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n wà. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ gan-an, pẹ̀lú ohùn rẹ̀, ẹ má tún un ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè bí ìjọba ìbílẹ̀ yín ṣe ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí ọmọ onílẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé bí wọ́n bá bí ọmọ Ẹ̀bìrà sí Ìkọ̀lé, tó kàwé níbẹ̀, tó ń sọ Èkìtì ju ọmọ ọmọ ìyá onílé lọ, níbo ni yóò ti lọ gba tirẹ̀. Ẹ mú ìdáhùn méjèèjì wá sí kíláàsì.